Àwọn ìyá wa náà ya tuntun nígbà tiwọn

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà bàbá kan nínú ìwé ìròyìn yín, tó ní àwọn ọmọ ìsìnyí ti ba àdìrẹ jẹ́ torí pé wọ́n ń ya fóònù àti kẹ̀kẹ́ Márúwá sí i. Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ti tẹjú mọ́ Ìbàdàndùn, iṣẹ́ àdìrẹ àtijọ́ yẹn, rí ṣá? Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ló wà lára ẹ̀ yẹn, wọ́n tún wá ya ṣíbí sáàárín àwọn òpó náà, Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, kì í ṣe Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó ló kọ́ ọ. Iṣẹ́ àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́ba ńkọ́? Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ìlú òyìnbó àti olorì ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń ṣayẹyẹ ọdún 25 tó ti wà lórí oyè, ní 1935. Aṣọ tẹ̀rú funfun tí wọ́n ń pa láró gan-an, ọkọ̀ òkun ló ń kó o wá láti ìlú òyìnbó. Ohun tójú àwọn ìyá yẹn ń rí nígboro ni wọ́n yà, ọmọ tó bá wá ń rí Márúwá ní Challenge lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ yà?

Bàbá tún ní àwọn ọmọ náà ti pa ẹ̀kọ láfún àti ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ń yà á sáṣọ tì, àbẹ́là àti fóòmù ni wọ́n ń lò báyìí, aró oníyẹ̀fun àti sódà dípò ẹ̀lú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ wàhálà gígún ewé ẹ̀lú, ká sá a, ká sẹ́ omi eérú, ká tún máa ṣọ́ ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan, kò ní bá wọn jà, àwọn oníbàárà náà sì ń bèèrè pupa àti yẹ́lò.

Ibi tó ti ń dùn mí ni àwọn tó ń ta èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà tí wọ́n á ní ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, owó ọwọ́ ni wọ́n á sì gbà. Ẹ kàn yí aṣọ náà padà wò kẹ́ ẹ tó sanwó o jàre. Èyí tó wọnú aró, ẹ̀yìn ẹ̀ á mu ún dáadáa, ti ẹ̀rọ, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣì funfun bàláú. Ẹni tó ń ta ti ẹ̀rọ ò jalè, kó ṣáà ti sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ìyá kan tó ṣì ń fi ìyẹ́ adìẹ ya Ìbàdàndùn nílùú yìí, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, mo fẹ́ ra ìró méjì.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà aláṣọ, Ìbàdàn