Kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà wá fún wa nítorí ìpolówó tó ń fò jáde

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

A kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dín owó tó ń wọlé fún wa kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lẹ́nu. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ẹ ń gbé wá pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́, èyí tó pọ̀ nínú wọn ni kò ní fáírọ́ọ̀sì kankan. Ìpolówó ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló sì ṣílẹ̀kùn fún un láìmọ̀.

Lóṣù tó kọjá, màmá kan tí wọ́n ti ń bá wa ṣe tipẹ́ gbé laptop wọn wá. Bí wọ́n bá ti tàn án báyìí, kò ní pẹ́ tí àpótí kékeré kan á fi yọ ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, á ní fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ló wà lórí ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n tètè tẹ ibí. Wọ́n tẹ ibẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tiẹ̀ ti sanwó fún ètò méjì tó láwọn máa fọ kọ̀ǹpútà mọ́, síbẹ̀ àpótí náà ò lọ. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìlà tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Chrome yẹn." Wọ́n mú awò wọn sójú, wọ́n kà á. Orúkọ ìkànnì kan ni, níbi tí wọ́n ti lọ wo fíìmù ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí màmá tẹ Allow láti fi hàn pé èèyàn ni wọ́n, pé wọn kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Irọ́ gbáà ni. Àṣẹ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ màmá, kí ìkànnì náà lè máa ju ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà wọn nígbà tó bá wù ú, kódà bí wọn ò bá tíì ṣí i.

A ò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí ẹ̀. Ẹ ṣí Chrome, ìyẹn bráúsà tí ẹ fi ń wọ ìkànnì, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó tò léra lókè lápá ọ̀tún, ẹ wọ Settings, ẹ gba Privacy and security kọjá sí Site settings, kí ẹ wá Notifications. Gbogbo ìkànnì tí ẹ ti fún láṣẹ rí ló máa tò síbẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá dá mọ̀, ẹ yọ ọ́. Àwọn bráúsà míì bí Edge àti Firefox náà ní irú ibẹ̀ nínú Settings tiwọn. A ò gba owó kankan lọ́wọ́ màmá. Owó ètò méjì tí wọ́n ti ná ṣófo ló dùn mí.

Ìyẹn ni èyí tó rọrùn jù. Adware gan-an, ìyẹn ètò tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbé ìpolówó wá lọ, yàtọ̀, torí inú kọ̀ǹpútà ló jókòó sí. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Bó bá jẹ́ pé ìkànnì kan ṣoṣo ni ìpolówó ti ń pọ̀ jù, ìkànnì yẹn ló fẹ́ràn owó. Ẹ fi í sílẹ̀. Àyẹ̀wò tí èmi fẹ́ràn jù rèé: ẹ ṣí Wikipedia. Wikipedia kì í gba ìpolówó ọjà ẹnikẹ́ni; owó tirẹ̀ tó máa ń tọrọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nìkan ló máa ń gbé sókè. Bí ẹ bá wá rí ìpolówó bàtà tàbí oògùn ìsanra níbẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Ẹ tún wò ó bóyá ojú-ìwé tó máa ń kọ́kọ́ ṣí ti yí padà, tàbí tí ẹ bá wá nǹkan lórí Google tó jẹ́ pé ibòmíràn tí ẹ ò mọ̀ ló ń gbé yín lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan tiẹ̀ lè déédéé fàlà sábẹ́ ara wọn nínú ohun tí ẹ ń kà, tí ìpolówó á yọ bí máósì bá ti kàn wọ́n.

Àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Bí adware ṣe ń wọlé gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ lọ dáúnlóòdù ètò ọ̀fẹ́ kan, bóyá èyí tó ń yí fídíò padà tàbí tó ń ṣí PDF, òun á sì so mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ètò náà sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi ọ̀nà méjì hàn yín: ọ̀kan tí wọ́n kọ Express tàbí Recommended sí, tó tàn yanran, àti ọ̀kan tí wọ́n kọ Custom tàbí Advanced sí, tí lẹ́tà rẹ̀ ṣú bí ẹni pé kò ṣeé tẹ̀. Èyí tó ṣú yẹn ni kí ẹ tẹ̀. Inú ibẹ̀ lẹ ti máa rí àwọn àpótí tí wọ́n ti bá yín máàkì sílẹ̀: fún mi ní tọ́ọ̀lùbáà yìí, sọ ìkànnì yẹn di ojú-ìwé àkọ́kọ́ mi. Ẹ yọ gbogbo máàkì náà kúrò.

Àwa náà ti jìn sí kòtò yìí rí, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mò ń wá dráífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníbàárà kan, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Èsì àkọ́kọ́ tó yọ ni mo tẹ̀, mi ò wò ó pé ìpolówó tí ẹnìkan sanwó rẹ̀ ni. Bọ́tìnì Download mẹ́rin ló wà lójú-ìwé yẹn, ọ̀kan péré ló jẹ́ òótọ́, mi ò sì tẹ òótọ́. Mo wá ń tẹ Next, Next, Next bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí n tó ṣẹ́jú, ètò mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ti gúnlẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà! Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi tún un ṣe, mo sì jẹ́wọ́ fún un láàárọ̀. Láti ìgbà náà, ìkànnì àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fúnra wọn la ti ń gba dráífà.

Àwọn kan á ní ìpolówó lásán ni, kí ló fẹ́ ṣe? Ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2015, Lenovo ta àwọn laptop kan tí adware tó ń jẹ́ Superfish ti wà lórí wọn láti ilé iṣẹ́. Kí ó lè rí ibi fi ìpolówó sí, ó fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ (ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé ìkànnì kan kì í ṣe ayédèrú) sínú Windows, ó sì wá ń dá sí ojú-ìwé tó ní àmì àgádágodo pàápàá, irú èyí tí ẹ fi ń wọ báńkì. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n fi ń lo ìwé ẹ̀rí yẹn, ọ̀kan náà ló wà lórí gbogbo laptop wọ̀nyẹn, nítorí náà olè tó bá rí ọ̀kan ti rí gbogbo rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ fáráàlú nígbà náà pé kí wọ́n yọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ àwọn extension inú bráúsà yín náà, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí ẹ ń so mọ́ ọn. Èyí tó dára lónìí lè bàjẹ́ lọ́la, torí ẹni tó ṣe é lè tà á fẹ́lòmíràn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín. The Great Suspender rí bẹ́ẹ̀: wọ́n tà á ní 2020, Google sì yọ ọ́ kúrò ní oṣù kejì 2021 nítorí kóòdù burúkú. Ẹ tẹ chrome://extensions síbi tí ẹ ti ń tẹ àdírẹ́sì, kí ẹ yọ èyí tí ẹ ò lò. Bí ìkànnì kan bá sì ní kí ẹ wá ṣe àtúnṣe Flash Player, ètò tí wọ́n fi ń wo fídíò lórí ìkànnì láyé ìgbà kan, ẹ sá. Adobe tó ni ín ti pa Flash tì láti ìparí 2020.

Tí adware bá ti wọlé, ẹ ṣí Settings ti Windows, ẹ wọ Apps, kí ẹ tò wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n dé. Èyí tó wọlé lọ́jọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí ẹ fura sí. Ẹ tẹ àmì Chrome ní bọ́tìnì ọ̀tún máósì, ẹ wo Properties: bí àdírẹ́sì ìkànnì kan bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn chrome.exe ní Target, ẹ pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi AdwCleaner ti Malwarebytes, ètò tó ń yọ adware, gbá ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ìkànnì Malwarebytes gan-an ni kí ẹ sì ti mú un. Nínú Windows Security, lábẹ́ App & browser control, ẹ wá Potentially unwanted app blocking kí ẹ tàn án. Mo máa ń bá a ní pípa lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ẹ ń gbé wá.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò lọ, ó kù sí wa lọ́wọ́. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun tó ń yọ náà, ẹ sì rántí ohun tí ẹ fi sórí ẹ̀rọ gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá sì ti tẹ nọ́ńbà káàdì yín sínú ọ̀kankan nínú àwọn àpótí yẹn, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Àwa lè dúró.