Lẹ́tà sí Àkànní, láti Òmù-Àrán

Àkànní ọmọ mi,

Ara ìyá rẹ ti ń yá. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Páànù ẹ̀yìnkùlé tí atẹ́gùn ṣí ṣì wà nílẹ̀. Owó tí o ní o máa fi ránṣẹ́ la ń retí.

Kì í ṣe torí páànù ni mo ṣe kọ̀wé. Àbúrò rẹ fi ohun tí o kọ sábẹ́ fọ́tò olóṣèlú yẹn hàn mí: "ardent supporter". Wọ́n tún ní ìwọ wà lára àwọn tó ń sá tẹ̀lé mọ́tò rẹ̀ kiri Ìlọrin, tí ẹ ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn èèyàn ní Post Office. Ṣé òótọ́ ni?

O lo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, mo gbà. Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kíkọ́ jẹun kò ní purọ́. Ìtara ọkàn ni wọ́n ń lò ó fún: "ardent admirer", "ardent desire". Àmọ́ ara "ardere" ni wọ́n ti fà á yọ, ìyẹn kí nǹkan máa jó, nínú Látìn. Ibẹ̀ náà ni "arson" ti wá, iná tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ sọ sílé. Láyé àtijọ́, ọtí líle ni Òyìnbó ń pè ní "ardent spirits", torí ó ń gbiná. Ìwọ wá ń jó fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́. Ṣé ó tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ?

Má bínú. Mo mọ̀ pé ojú rẹ ti rí nǹkan lórí iṣẹ́ tí o ń wá. Bó bá jẹ́ oúnjẹ lò ń bá lọ, iṣu wà nílé. Olórí kunkun! Àwọn ọmọ olóṣèlú yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ń bá yín sáré?

Lọ́dún 1983, ẹ̀yìn Adébáyọ̀ ni mo wà nínú ìbò gómìnà Kwara, ẹ̀yìn Attah tí wọ́n jọ díje ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lójú ìyá wa. Adébáyọ̀ wọlé. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lórí àga tí àwọn ológun fi gbàjọba ní 31 December. Ìjọba lọ, ìjà wa ò lọ. Ọ̀fà ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, Ọ̀fà tí kò jìnnà yìí. Wọ́n ti sin ín kí n tó dé ibẹ̀. Ẹ máa ń bi mí ìdí tí a kì í fi í lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Dá mi lóhùn, Àkànní: ṣé ó mọ orúkọ rẹ? Tí wọ́n bá tún wá pè ọ́, sọ pé wọ́n ní kí o máa bọ̀ nílé. Kódà, sọ pé ara mi ò yá. Má ṣáà jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ pé èmi ni mo ní kí o sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.