Kí o tó wọ Guangzhou

Àkànní ọmọ mi,

O ní kí n júwe ibi tí bàtà ti pọ̀ tí kò sì wọ́n. Màá júwe rẹ̀ lórí fóònù. Ìlú tí ò ń lọ gan-an ló jẹ mí lógún.

Bí o bá dúró létí odò Pearl, rántí pé láti 1757, Guangzhou nìkan ni ọba Ṣáínà ti gba àwọn òyìnbó láyè láti wá ṣòwò. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọ inú odi ìlú. Ẹ̀yìn odi, létí omi, ni wọ́n fi wọ́n sí, wọn ò sì gbọdọ̀ mú ìyàwó wá. Àwọn oníṣòwò díẹ̀ tí ọba fọwọ́ sí ló ń bá wọn nájà. Tíì, sílíìkì àti àwo tánganran ni wọ́n ń wá rà, fàdákà ni wọ́n sì fi ń san án, torí ọjà tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ wu àwọn ará Ṣáínà.

Fàdákà yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tó ń ro àwọn Gẹ̀ẹ́sì lára, ọ́píọ́mù, oògùn olóró kan, láti Íńdíà ni wọ́n ń kó wọ̀lú. Òfin kọ̀ ọ́, síbẹ̀ ó ń tà wàràwàrà, ó sì ń ba ilé onílé jẹ́. Ní 1839, Lin Zexu tí ọba rán wá gba àpótí rẹ̀ tó lé ní 20,000, ó bà á jẹ́ ní Humen, ó dà á sínú òkun. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ogun ni Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lóhùn. Nígbà tí ogun parí ní 1842, Hong Kong ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, èbúté márùn-ún ṣí sílẹ̀ fún wọn, nígbà tó yá Shanghai gba iwájú mọ́ Guangzhou lọ́wọ́.

Ìlú náà tún gbéra. Ìpàtẹ ọjà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1957 ṣì ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọjà wò. Nansha, lápá ẹnu odò, ni ọkọ̀ kọ̀ǹténà ńláńlá ń gúnlẹ̀ sí báyìí. Ní Xiaobei, àdúgbò kan nínú Guangzhou, wàá gbọ́ Yorùbá.

Níbẹ̀ lẹnì kan lè ti bẹ̀ ọ́ pé kí o bá òun gbé báàgì kékeré kan délé. Ó lè mọ̀ mí, ó lè máa pè ọ́ ní àbúrò. Má gbé e, ọmọ mi. Wọn ò tíì gbàgbé ọ́píọ́mù níbẹ̀. Òfin wọn lè pa ẹni tó bá gbé oògùn olóró. Ọmọ aládùúgbò wa kan gbé irú báàgì bẹ́ẹ̀. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ ti fojú kàn án.

Fọwọ́ ara rẹ di ẹrù rẹ, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò rẹ. Bí o bá dé, pè mí kí o tó sùn.

Màmá rẹ