Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù ilé

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà. Ẹ̀sùn kan ń dé etí wa lemọ́lemọ́ lẹ́nu ẹ̀yin tí à ń bá wá ilé yá ní Texas: "A san owó fọ́ọ̀mù, wọn ò fún wa nílé, wọn ò sì dá owó wa padà." Àwọn tó ń sọ ọ́ jù ni àwọn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí sẹ́yìn: ẹni tí onílé ti gbé lọ sí kóòtù, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Nítorí náà la ṣe yí ètò wa padà. Láti ìsinsìnyí lọ, a ò ní gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tí kò bá tíì ka ìwé ìlànà tí onílé fi ń yan ayálégbé, tí àwa àti òun ò sì tíì jọ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Owó yẹn kì í wọ àpò wa. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò ayálégbé la ń san án fún, kí wọ́n lè wo krẹ́díìtì yín (àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe ń san gbèsè), ẹjọ́ kóòtù àti ìwé ọlọ́pàá. Tí wọ́n bá ti ṣe àyẹ̀wò náà, owó ti lọ nìyẹn, ẹ̀ báà rílé, ẹ ò báà rí. Ní New York, láti 2019, onílé ò gbọdọ̀ gbà ju dọ́là 20 lọ. Ní Massachusetts, onílé ò gbọdọ̀ gbà á rárá. Texas tiwa ńkọ́? Òfin ò dá iye kankan. Ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù síbi márùn-ún, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló máa sanwó.

Ṣùgbọ́n òfin Texas ṣe ohun kan fún yín tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Bí onílé bá fún yín ní fọ́ọ̀mù, ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tó fi ń yan ayálégbé sílẹ̀ fún yín: bóyá ẹjọ́ ọ̀daràn, ibi tí ẹ gbé tẹ́lẹ̀, iye tó ń wọlé fún yín, krẹ́díìtì yín. Tí kò bá fún yín ní ìwé yẹn, tó sì kọ̀ yín, ó gbọ́dọ̀ dá owó fọ́ọ̀mù padà. Ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ sì kà á dópin. Tó bá wà níbẹ̀ pé àwọn ò gba ẹni tó ní ẹjọ́ ilé láàárín ọdún márùn-ún, tí tiyín sì jẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí lẹ tún fẹ́ sanwó fún? Ti ẹjọ́ ọ̀daràn yàtọ̀ láti onílé sí onílé: àwọn kan ń wo irú ẹ̀ṣẹ̀, àwọn kan ń wo ọdún. Ẹ bèèrè.

Ibi tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù nìyí. Wọ́n á wo krẹ́díìtì wọn, wọn ò ní rí ẹjọ́ ilé kankan níbẹ̀, inú wọn á dùn. Láti 2017 ni Equifax, Experian àti TransUnion, ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó ń kọ ìròyìn krẹ́díìtì, ti yọ ìdájọ́ kóòtù lórí gbèsè àti ilé kúrò nínú ìròyìn krẹ́díìtì. Ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò ayálégbé ní tiwọn, inú ìwé kóòtù ni wọ́n ti ń wá a. Kódà ẹjọ́ tí onílé fà sẹ́yìn, tàbí tí ẹ jàre rẹ̀, lè jáde níbẹ̀. Ó ń dunni, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ọdún méje ló lè fi wà níbẹ̀. Ti ẹni tó lọ sí kóòtù lábẹ́ Chapter 7 (apá òfin tí ẹni tí kò lè san gbèsè fi ń bẹ kóòtù kó pa á rẹ́) lè wà nínú krẹ́díìtì fún ọdún mẹ́wàá. Gbèsè lásán, ọdún méje ni, ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ kùnà láti san án ni wọ́n sì ti ń kà á. Bí wọ́n tilẹ̀ ta gbèsè náà fún agbowó mìíràn, kíkà yẹn ò bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Tí ẹ bá rí i pé agbowó kan fi ọjọ́ tuntun sí i, ẹ jà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà. Oníbàárà wa kan rí ẹjọ́ ilé nínú ìròyìn rẹ̀, ní ìlú tí kò gbé rí. Nígbà tí a wò ó dáadáa, orúkọ ìdílé àti lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló bára mu. Wọn ò tiẹ̀ kọ ọjọ́ ìbí kankan síbẹ̀. Irú èyí kì í ṣe tuntun: ní 2018, RealPage, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àyẹ̀wò ayálégbé, san mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lẹ́yìn tí ìjọba fẹ̀sùn kàn án pé kò kíyè sára tó kó tó fi ẹjọ́ ọ̀daràn ẹlòmíràn mọ́ àwọn ayálégbé.

Tí onílé bá kọ̀ yín nítorí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún yín, kó sì sọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó fún un ní ìròyìn náà. Tó bá kàn ní kí ẹ fi kún owó dípọ́síìtì tàbí kí ẹ mú onídùúró wá nítorí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bákan náà. Ẹ ní ọjọ́ 60 láti gba ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe onílé. Ọjọ́ 30 ni wọ́n sábà ní láti wádìí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ mú ìròyìn krẹ́díìtì yín dání. Ọ̀fẹ́ ni ní AnnualCreditReport.com, ẹ sì lè gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wíwò tí ẹ bá wo tiyín kì í dín máàkì krẹ́díìtì yín kù. Ẹ mú ẹ̀rí pé ẹ ń san owó ilé déédéé níbi tí ẹ wà báyìí. Tí ẹ bá ti san gbèsè ilé àtijọ́ tán, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn pé ẹ ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀ mọ́. Ìwé kékeré yẹn ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníbàárà wa ju lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ gígùn lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kó má ju ojú ìwé kan lọ, ẹ má sì bú onílé àtijọ́ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún àwọn tó ń ta nọ́ńbà oní-dígíìtì mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní CPN, pé kí ẹ kọ ọ́ rọ́pò nọ́ńbà Social Security tí ìjọba fún yín. Jìbìtì ni, orúkọ yín ló sì máa wà lórí fọ́ọ̀mù. Àwọn tó ní àwọn á tún krẹ́díìtì ṣe ò gbọdọ̀ gba owó kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìjókòó àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ pè wá kí ẹ tó wá, ẹ má sì fi nọ́ńbà Social Security yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Tí ẹ bá dé ọ́fíìsì, a ó jọ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù.