Kí ló dá rélùwéè dúró sí Mọ́níyà?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ ní Àbújá, èmi tí mo bí ìyá ẹ̀ ò sì sí níbẹ̀. Orí àga irin kan ní ẹ́pọ́ọ̀tù Ìkẹjà ni mo jókòó sí ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ náà. Oyin, orógbó, obì, ataare, iyọ̀, gbogbo ohun ìsọmọlórúkọ wà nínú báàgì tí mo gbé lé itan, torí èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n má ra nǹkankan ní Àbújá, mo ní oyin gidi ni mo fẹ́ kí wọ́n fi kan ọmọ lẹ́nu, mo sì ti rà á sílẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tó máa ń gbé e wá láti Òkè-Ògùn. Inú fóònù ni mo ti gbọ́ orúkọ ọmọ. Inú fóònù náà ni mo ti pe orúkọ tí èmi fún un, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é, torí gbohùngbohùn tó ń pe àwọn tó ń lọ Port Harcourt ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi. Inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò sì ní fi pamọ́.

Mọ́níyà n'Íbàdàn ni mò ń gbé, ilé mi ò jìnnà rárá sí teṣàn rélùwéè tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, mo máa ń gbọ́ fèrè ẹ̀ tí mo bá ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ọmọ mi bímọ, ọ̀rọ̀ nípa ohun tí màá wọ̀ lọ di àpérò nínú ilé. Ọmọ mi ọkùnrin ní "Màámi, ẹ ò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì o, ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà Lọ́kọ́jà ni?" Bàbá wọn ní bàálù ti wọ́n jù, owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan ṣoṣo ti lé ní 100,000 náírà, àlọ nìkan nìyẹn o. Èmi ní tèmi, rélùwéè ló wù mí, àmọ́ níbo ni rélùwéè náà ń lọ? Èkó nìkan ló mọ̀. Ó dé Mọ́níyà, ó dúró. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sókè ọ̀hún láti Ìbàdàn, kó lọ wá nǹkan mìíràn wọ̀.

Bàálù tó ń gbéra ní Alákíà ò bọ́ sí ọjọ́ tó rọ̀ mí lọ́rùn, torí bàbá wọn ní láti rí dókítà ní Tọ́sìdé, mi ò sì lè fi òun nìkan sílẹ̀. Ni ọmọ mi bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Àbújá fún mi, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán Fúráìdé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ o. Èmi tí mò ń lọ Àbújá, mo kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí Àbújá, mo wọ rélùwéè aago mẹ́jọ àárọ̀, mo forí lé Èkó. Kí n má parọ́, rélùwéè yẹn dáa. Owó ẹ̀ ò tó 4,000 náírà, wọ́n gbéra lásìkò, a gba Abẹ́òkúta kọjá, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú ẹ̀, ìyá kan níwájú mi ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọ náà sùn fọnfọn, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ajínigbé tàbí tírélà. Kí aago mọ́kànlá tó lù mo ti sọ̀ l'Ágége, mo ti wọ mọ́tò lọ sí ẹ́pọ́ọ̀tù. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo tètè dé.

Aago méjì ààbọ̀ kọjá, wọ́n ní ó di márùn-ún. Márùn-ún kọjá, wọ́n ní ó di mẹ́jọ. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ lù ni wọ́n wá sọ pé àwọn ti kánsù ẹ̀, pé kí á máa bọ̀ láàárọ̀. Ike omi kan àti bisikíìtì ni wọ́n fún wa láti ọ̀sán. Òfin wà o! Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó tì mí ló fi hàn mí lórí fóònù ẹ̀, pé àwọn NCAA tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí bàálù abẹ́lé bá ti pẹ́ ju wákàtí méjì lọ, èrò lè gba gbogbo owó ẹ̀ padà. Ó gbé fóònù náà lọ sí káńtà, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní òun ò mọ nǹkankan nípa ìyẹn, kí ó lọ kọ ìwé. Nígbà tó máa fi padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, ọmọbìnrin náà ti pòórá, iná káńtà ti kú. Èmi ò sì mọ ẹnì kankan tí mo lè lọ sùn sọ́dọ̀ ẹ̀ ní Ìkẹjà láàárín òru, bí mo ṣe sùn sórí àga irin yẹn nìyẹn, mo fi ìborùn bo ẹsẹ̀, mo gbá báàgì oyin mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa, aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni bàálù tó gbéra. Nígbà tí mo fi máa dé Lúgbè, wọ́n ti ń ká kánópì. Wọ́n ti to àga jọ lọ́kan-ò-jọ̀kan sínú ọkọ̀ ẹni tó ni wọ́n. Oyin inú ike tí wọ́n lọ sáré rà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi sọ ọmọ náà lórúkọ. Ọmọ mi rí mi, ó bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún.

Wákàtí kan péré ni bàálù fi wà lójú ọ̀run láti Èkó sí Àbújá. Wákàtí kan! Mo kúrò nílé kí aago mẹ́jọ àárọ̀ Fúráìdé tó lù, mo dé lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán Sátidé. Ká ní rélùwéè ò dúró sí Mọ́níyà ni, bó ti wù kó rọra rìn tó, màá ti bá wọn débẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọmọ jáde.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní mi ò wọ bàálù wọn mọ́, mo lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Jábì, nǹkan bí 35,000 náírà. Ọmọ mi bẹ̀ mí títí, mo ṣorí kunkun. Aago méje àárọ̀ la gbéra, a dé ìtòsí Lọ́kọ́jà, tírélà kan ti ṣubú dí ọ̀nà, a lo wákàtí mẹ́rin lójú kan nínú oòrùn. Ilẹ̀ wá ṣú bá wa nínú igbó. Dírẹ́bà ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, kòtò ló ń gbé wa sókè tó ń jù wá sílẹ̀, àwọn tó ń gbàdúrà ń gbàdúrà, àwọn tó kù ò sọ̀rọ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí yọ káàdì bánkì ẹ̀ nínú pọ́ọ̀sì, ó kì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó wá ní "Màmá, tẹ́ ẹ bá ní nǹkan, ẹ tọ́jú ẹ̀ o." Mo béèrè pé ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí i rí ni. Kò dá mi lóhùn. Aago kan òru kọjá ká tó dé Ìwó Road. Olóòtú, ara mi ò tíì balẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, tí mọ́tò bá ti bú ré lójijì nítòsí mi, àyà mi á já.

Ṣé èyí ni wọ́n ń pè ní kí èèyàn yan èyí tó wù ú? Bàálù á já ẹ kulẹ̀, bọ́ọ̀sì á já ẹ láyà, rélùwéè tó tún dáa nínú gbogbo wọn dúró sí Mọ́níyà bí ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ọdún yìí. Ní 1901 ni rélùwéè àwọn òyìnbó wọ Ìbàdàn. Ní 1907 ó ti dé Òṣogbo. Ọdún mẹ́fà ló wà láàárín méjèèjì, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì àti orí àwọn bàbá wa tó ń ru òkúta ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó fi máa di 1912, ó ti gba Ìlọrin, ó ti ré odò Ọya kọjá ní Jẹ́bbà, ó ti wọ Kánò. Àwa ńkọ́? 2006 ni ìjọba ti kọ́kọ́ bá àwọn Ṣáínà tọwọ́ bọ̀wé rélùwéè ńlá Èkó sí Kánò, June 2021 ni wọ́n ṣí ti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, gbogbo wa jó, gbogbo wa yọ̀. Láti ìgbà náà, kò tíì kúrò ní Mọ́níyà. Ní gbogbo ìgbà la ń gbọ́ pé owó ń bọ̀, pé wọ́n ń bá àwọn kan sọ̀rọ̀, pé ó máa tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí, bàálù ni wọ́n ń wọ̀, ìjọba ló ń san án fún wọn, yàrá àwọn ọlọ́lá ni wọ́n sì ń jókòó sí tí bàálù bá pẹ́. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó máa sùn sórí àga irin.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe rèé, mo sì ti rò ó dáadáa. Kí wọ́n má dúró de ojú irin tuntun. Ojú irin tóóró àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, láti Dùgbẹ̀ lọ sí Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin, Jẹ́bbà, títí dé Minna. Kí wọ́n tún ibi tó bà jẹ́ ṣe, kí wọ́n fi rélùwéè alẹ́ kan sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀. Tó bá gbéra ní Dùgbẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ká tiẹ̀ sọ pé ó rọra ń lọ, á dé Minna láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí bọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀ tó ń dúró de èrò, Minna sí Àbújá ò jìnnà, ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n á sì rìn ín. Kí ó ní bẹ́ẹ̀dì fún àwọn àgbàlagbà àti abiyamọ, kí wọ́n máa ta oúnjẹ nínú ẹ̀, kí ó má dúró níbòmíràn ju àwọn ìlú tí mo dárúkọ yẹn lọ. Tí wọ́n bá ní kí n san 20,000 náírà, màá san án tayọ̀tayọ̀.

Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe torí mo wọ̀ ọ́ rí. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí màámi mú mi lọ kí àbúrò wọn ní Kàdúná, tíkẹ́ẹ̀tì wa páálí kékeré ni, kò gùn ju ìka mi lọ, ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú ló lù ú níhò. Àwọn obìnrin ń na ẹ̀pà bíbọ̀ sókè láti ojú fèrèsé ní gbogbo teṣàn. Nígbà tá a dórí afárá Jẹ́bbà, màámi jí mi, wọ́n fún mi ní kọ́bọ̀ kan kí n jù ú sínú odò Ọya. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lẹ pè é, ẹ rántí pé nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń ṣe gómìnà Ọ̀ṣun, ìjọba ẹ̀ fi rélùwéè kó èrò lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó wá sí Òṣogbo nígbà ọdún, ojú irin tóóró yìí kan náà ló gbà.

Ẹnì kan á ní ta ló máa ṣe é. Àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́, pẹ̀lú ti Kwara? March 2023 ni Buhari ti fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tó fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ní rélùwéè tiwọn, Èkó sì ti ní tiẹ̀ láàárín ìlú, aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ pupa. Kí wọ́n para pọ̀ dáwó.

Ẹlòmíràn á ní rélùwéè náà ò láàbò. Mi ò gbàgbé 28 March 2022 tí wọ́n kọlu rélùwéè lójú irin Àbújá sí Kàdúná, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n jí èèyàn gbé, mi ò gbàgbé àwọn tí wọ́n jí kó ní teṣàn Igueben ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ní January 2023, Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ti Kàdúná tún bẹ̀rẹ̀ ní December 2022, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí i, àwọn èèyàn sì ń wọ̀ ọ́. Ojú irin ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ó rọrùn láti ṣọ́ ju gbogbo igbó Lọ́kọ́jà lọ. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa wa kẹ̀kẹ́ irin kékeré ṣáájú ẹ̀, kí àwọn ọdẹ abúlé tó mọ igbó náà wà níbẹ̀, kí wọ́n máa san owó wọn lásìkò.

Ní ti bàálù, kí wọ́n fi owó ìtanràn sí i ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá pẹ́, kó máa bọ́ sí àkáǹtì èrò tààrà. Ní ti ọ̀nà Lọ́kọ́jà, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí àwọn tírélà yẹn.

Olóòtú, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síta kó tó di December, torí December ni ọmọ mi ní kí n tún máa bọ̀ wá wo ọmọ, èmi ò sì tíì mọ ohun tí màá wọ̀.

Èmi ni,
Ìyá àgbà kan, Mọ́níyà, Ìbàdàn.