Ọmọ ìnàkí inú fídíò tí o fi ránṣẹ́

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Mo rí fídíò tí o fi ránṣẹ́, ti ọmọ ìnàkí tí wọ́n wọ ṣòkòtò fún, tí wọ́n ń fi ìgò fún ní wàrà. O ní ó pa ọ́ lẹ́rìn-ín, o sì bi mí bóyá èèyàn lè sin irú rẹ̀ sílé. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ ni ojú mi ń wá kiri nínú fídíò náà, mi ò sì rí i.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹranko, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi. Ìnàkí, èyí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee, kì í ṣe ọ̀bọ. Kò ní ìrù. Nínú gbogbo ẹ̀dá tó wà láàyè, òun àti bonobo, ìbátan rẹ̀, ló sún mọ́ èèyàn jù lọ. Oyún rẹ̀ tó nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ọmọ kan ló sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà á so mọ́ àyà ìyá rẹ̀, tó bá gbó díẹ̀ á gun ẹ̀yìn, á sì máa mu ọmú títí tí á fi tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Ní alaalẹ́ ni ìyá ń fi ẹ̀ka igi tẹ́ ìtẹ́ tuntun, orí ìtẹ́ kan náà ni òun àti ọmọ ń sùn títí àbúrò á fi dé. Ó lè tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó tó bí òmíràn. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀? Pípa ni àwọn ọdẹ ń pa á kí wọ́n tó já ọmọ gbà, wọ́n sì sábà máa ń pa àwọn mìíràn tó bá sáré wá gbèjà rẹ̀.

O rántí Jane Goodall, ìyá àgbà tó ṣèwádìí nípa ìnàkí, tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2025? Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Oṣù keje ọdún 1960 ló dé Gombe, ní Tanzania. Ìnàkí kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Flo, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó dàgbà ni Flint. Nígbà tí Flo kú ní 1972, Flint ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ti lè wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ kò jẹun mọ́. Kò pé oṣù kan tí òun náà fi kú, nítòsí ibi tí ìyá rẹ̀ kú sí. Ìtàn yìí kì í kúrò lọ́kàn mi.

Kì í sì í ṣe wàrà nìkan ni ọmọ ń gbà lára ìyá. Ní Gombe, ó ń wo bí ìyá ṣe ń ki koríko bọ ilé ikán, tí á fà á jáde, tí á lá ikán orí rẹ̀ jẹ. Ní igbó Taï, ní Ivory Coast, òkúta ni wọ́n fi ń pa èso líle, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ọmọ fi ń kọ́ ọ. Wọ́n ti hú irú òkúta bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ tó ti tó 4,300 ọdún. Ní Gashaka, ní Nàìjíríà, igi ni wọ́n fi ń kó ìjàlọ jẹ, ikán wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Mahale, ní Tanzania. Ní 1987, olùṣèwádìí Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí abo kan, Chausiku, tí ara rẹ̀ kò yá. Ó bó èèpo ẹ̀ka ewúro tútù, ó jẹ inú rẹ̀, ó fa omi kíkorò rẹ̀ mu. Ní ọjọ́ kejì ara rẹ̀ ti le. Ewúro o! Ta ni yóò fi ìyẹn han ọmọ inú ṣòkòtò yẹn?

Wọn ò pọ̀ mọ́. Igbó ń tán, àwọn èèyàn ń pa wọ́n jẹ, àìsàn tiwa náà sì ń pa wọ́n. Ọ̀fìnkìn lásán, irú èyí tí ìwọ àti èmi ń sín dànù, ló pa márùn-ún nínú 56 ní Kanyawara, ní Uganda, ní 2013. Ẹ̀yà tó wà ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló kéré jù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tó 9,000. Bí wọ́n ṣe ń pẹ́ bímọ tó yẹn, ìyá kan tó kú, gbígbà ipò rẹ̀ di ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ti sínsìn sílé, rárá. Tó bá dàgbà, agbára rẹ̀ á ju tìrẹ lọ, á lè ṣe èèyàn léṣe, inú àgò ni á sì parí sí fún nǹkan bí ogójì ọdún. Dídá a padà sígbó kò rọrùn, torí àwọn akọ inú igbó máa ń pa àjèjì. Èyí tó bá rìnnà kore ni á dé ibi bí erékùṣù Ngamba, ní adágún Victoria, tí wọ́n ti ń tọ́ irú wọn láti 1998.

Wọ́n ní ọmọ tí kò níyàá kì í dégbò ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Mel, ọmọ ìnàkí ọlọ́dún mẹ́ta, pàdánù ìyá rẹ̀ ní Gombe ní 1987. Spindle, ọ̀dọ́ akọ ọmọ ọdún méjìlá tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ló gbé e pọ̀n, tó ń bá a pín oúnjẹ, tó ń jẹ́ kó sùn lórí ìtẹ́ òun. Mel yè.

Mo ti pa fídíò náà rẹ́ lórí fóònù mi. Jọ̀ọ́, pa tìrẹ náà rẹ́, bí ó bá sì jẹ́ pé o ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, sọ ti ìyá rẹ̀ fún wọn. Bá mi kí gbogbo ilé. Mò ń retí èsì rẹ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́