Lẹ́tà sí ìyá mi àgbà, aláró Ìtòkú

Ìyá mi àgbà,

Wọ́n ti dá pósítà ìsìnkú yín padà fún mi. Dádì ní àwọn ò lè lẹ ìyá àwọn mọ́ ògiri Abẹ́òkúta pẹ̀lú búlúù kan ṣoṣo, kí aráyé má baà sọ pé a ò lówó. Wọ́n fẹ́ òdòdó, wọ́n fẹ́ ẹyẹlé méjì, wọ́n fẹ́ kí àwọ̀ góòlù yí orúkọ yín ká. Mi ò jiyàn. Mo ká a, mo gbé e padà sí Ṣómólú.

Ẹ̀yin ì bá mọ ohun tí mo ṣe. Búlúù ni mo dà bo ìwé náà láti etí dé etí. Ojú yín, gèlè yín, orúkọ yín, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ibi tí mi ò jẹ́ kí íńkì dé. Funfun ibẹ̀ kì í ṣe àwọ̀, ìwé lásán ni. Ẹ̀kọ láfún ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mò ń yà á, bẹ́ ẹ ṣe máa ń fi ìyẹ́ adìẹ fà á sójú aṣọ, tẹ́ ẹ máa ń ní ibi tí aró ò gbọdọ̀ dé ni iṣẹ́ wà.

Búlúù ṣòroó tẹ̀. Tí a bá fi íńkì cyan, ìyẹn búlúù tó mọ́lẹ̀, àti magenta, ìyẹn pupa bíi pínkì, pò ó, tí magenta bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, agbe á di àlùkò lójú ẹni. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ra èyí tí wọ́n ti pò tán sínú agolo, Reflex Blue, pléètì ìtẹ̀wé kan, kí ìwé gba abẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣùgbọ́n kì í tètè gbẹ. Ó lè pé ọjọ́ méjì, mẹ́ta, kó ṣì máa yí ni lọ́wọ́.

Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí tí mò ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé ẹ̀wà wá fún mi níléèwé, ní ìparí sáà, nígbà tí mo wà ní prámárì 4. Ẹ dúró lẹ́nu géètì, aró dé ìgúnpá yín. Ọmọ kan bi mí pé ta nìyẹn, kí ló ṣe ọwọ́ rẹ̀? Mo ní alágbàfọ̀ wa ni. Mi ò pariwo, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ kẹ́lẹ́ náà. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ti gbé abọ́ sílẹ̀, ẹ ti fi ìborùn bo ọwọ́ méjèèjì. Ẹ ní, “Àlàní, jẹun kó má tutù.”

Ṣé ẹ gbọ́? Ọdún 31 rèé tí mo ti ń bi ara mi. Họlidé yẹn gan-an ni mo bá àwọn ìkòkò aró lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti dojú wọn dé. Dádì ní ẹsẹ̀ ló ń dùn yín. Àǹtí ní èlú ló wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní èmi ni.

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò nà mí? Ẹ nà mí nítorí ẹran inú ìkòkò ọbẹ̀. Ti èyí, ẹ dákẹ́. Nígbà tí mo dàgbà tí mo ní kẹ́ ẹ kọ́ mi, kí n mọ bí èlú ṣe ń kẹ̀ nínú omi eérú, bí aṣọ ṣe ń jáde láwọ̀ ewé kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di aró, ẹ ní ọwọ́ ìwé lọwọ́ mi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn tì mí síta. Ẹ má bínú pé ẹ̀yìn ikú yín ni mo ń sọ ọ́.

Ní 1960, ayàwòrán ará Faransé kan, Yves Klein, forúkọ búlúù kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba wọn, ó pè é ní International Klein Blue. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi mọ̀ ọ́n kárí ayé. Lọ́dún yẹn, ẹ̀yin náà ti ń rẹ aṣọ ní Ìtòkú. Ta ló so orúkọ yín mọ́ aró yín? Èmi tẹ́ ẹ tọ́, alágbàfọ̀ ni mo pè yín.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan kọ̀ láti gba 1,000 pósítà lọ́wọ́ mi nítorí búlúù kan ṣoṣo yìí náà. Ó ní iṣẹ́ akúṣẹ̀ẹ́ ló jọ. Owó tí mo yá ni mo fi ra ìwé rẹ̀. Onílé ń retí owó ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tó ń bá mi wa ẹ̀rọ ti lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ báńà aláràbarà. Ìyàwó mi ní kí n máa ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe, mi ò sì rí èsì fún un.

Mo ti ń tẹ èyí tí Dádì fẹ́, tòun ti ẹyẹlé méjèèjì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa lẹ̀ ẹ́. Igba tó jẹ́ búlúù ṣì wà lórí tábìlì, wọn ò tíì gbẹ. Lálẹ́ àná, ọmọ mi obìnrin gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, “Dádì, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?” Mo ti kó ọwọ́ méjèèjì sápò kí n tó mọ̀.

Èmi ni,
Àlàní yín